Ilé Aṣọ́bodè ti Ìlú Dublin

Ìlú ọlọ́jà kì í wà láìní bodè. Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, ẹnu odi ìlú ni oníbodè máa ń jókòó sí. Òun ni ó ń wo ẹrù tí alárobọ̀ bá rù dé, tí ó sì ń gba owó bodè lórí rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ẹlẹ́rù wọlé. Láti ibẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà, aṣọ́bodè, tí a ń lò lónìí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba owó lórí ọjà tí ó ń ti òkè òkun wá. Ìlú tí ó wà létí òkun kì í mọ odi sí ìhà omi. Èbúté ni ẹnubodè rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì ni alárobọ̀ rẹ̀. Ilé tí a ti ń wọn ẹrù, tí a ti ń ṣírò owó orí rẹ̀, tí a sì ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, òun ni ilé aṣọ́bodè. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Dublin, olú-ìlú ilẹ̀ Ireland, ni ó wà. Àárín asọ̀ ni a ti kọ́ ọ, àárín ogun ni iná ti jó o, àwọn tí ó sì sun ún níná jẹ́ ọmọ ìlú náà gan-an.

Etí òkun ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù Ireland ni Dublin wà, níbi tí odò Liffey ti ń ṣàn wọ inú òkun. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń jẹ lórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan wà ní Dublin fúnra rẹ̀, owó tí a ń gbà lórí ọjà sì wà lára ohun tí ó ń gbé ìjọba ibẹ̀ ró jù lọ. Ọtí wáìnì ń bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé. Tábà àti ṣúgà ń bọ̀ láti ìkọjá òkun ńlá. Kò sí èyí tí ó lè wọ ìlú kí aṣọ́bodè má tọ́ ọ wò. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ já ẹrù síbi tí ó bá wù ú. Èbúté tí òfin yàn nìkan ni ó lè já a sí, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ọba. Wọn a ti ọ̀pá bọ inú àgbá láti mọ iye ọtí tí ó wà níbẹ̀, wọn a gbé tábà lé orí ìwọ̀n, akọ̀wé a sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹlẹ́rù kò bá tíì san owó, ilé ìkẹ́rùsí ọba ni ẹrù rẹ̀ yóò máa gbé.

Nítorí náà, ibi tí a bá kọ́ ilé aṣọ́bodè sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò máa gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò yóò kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí, ibẹ̀ ni àwọn aláàárù yóò máa gbé, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ yóò ti wọ́n. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ohun tí ó fa ìjà tí a fẹ́ ròyìn yìí.

Ní ọdún 1707 ni a kọ́ ilé aṣọ́bodè tí ó ṣáájú èyí, láti ọwọ́ Thomas Burgh, ní òkè odò, ní àárín ìlú, ní ibi tí a ń pè ní Essex Quay. Ibi dáradára ni fún àwọn oníṣòwò tí ilé wọn wà nítòsí, ṣùgbọ́n ibi burúkú ni fún ọkọ̀. Odò Liffey kò jìn níbẹ̀, àpáta sì wà nísàlẹ̀ omi. Ọkọ̀ ńlá kò lè dé ibẹ̀ rárá: ìsàlẹ̀ odò ni yóò dúró sí, tí a ó máa kó ẹrù rẹ̀ sínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké, tí ìwọ̀nyí yóò sì máa wà á lọ sókè. Ináwó ni èyí, ìfàkókò-ṣòfò sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí ó dára fún olè àti onífàyàwọ́ ju àárín ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1773, wọ́n rí i pé òkè ilé náà pàápàá kò lágbára mọ́.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ John Beresford, ọ̀kan nínú àwọn olórí tí ń bójú tó owó tí ń wọlé fún ìjọba. Èrò rẹ̀ ni pé kí a má tún ilé àtijọ́ ṣe, kí a lọ kọ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀ odò, níhà ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti jìn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníṣòwò òkè odò ti gbọ́ ọ ni ara wọn kò gbà á mọ́. Wọ́n mọ̀ pé bí bodè bá ṣí kúrò, ọjà yóò tẹ̀ lé e, iye owó ilé àti ilẹ̀ wọn yóò sì já wálẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n tún ní ohun mìíràn tí wọ́n ń wí: Beresford àti Luke Gardiner, ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú, jọ jẹ́ àna ara wọn ni, nítorí ọmọ baba kan náà ni ìyàwó àwọn méjèèjì. Ta ni yóò jèrè bí ìlú bá ń fẹ̀ sí ìhà ibẹ̀? A kò lè pe àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ní òpè. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù ni ó ṣẹlẹ̀ nígbẹ̀yìn, nítorí àárín ìlú ṣí lọ sí ìlà-oòrùn, a sì fi afárá tuntun kan sọ apá àríwá àti apá gúúsù pọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1795. Òun ni a ń pè ní afárá O'Connell lónìí. Síbẹ̀, ti ọkọ̀ ni Beresford ní ẹ̀tọ́ sí: a kò lè pàṣẹ fún omi pé kí ó jìn nítorí pé ilé ẹni wà létí rẹ̀.

Beresford kò dúró jiyàn. Ó ránṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ sí ayàwòrán-ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, James Gandon, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Sir William Chambers. Gandon kò tíì tó ẹni ogójì ọdún nígbà náà, kò sì tíì ní orúkọ ńlá. Ọmọ-ọbabìnrin kan láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ń jẹ́ Dashkova, ti ń pè é pé kí ó wá ṣiṣẹ́ ní Saint Petersburg, ṣùgbọ́n Dublin ni ó yàn. Nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1781, kò sí àpèjẹ, kò sí ìkíni káàbọ̀. A sọ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iṣẹ́ tí ó bá wá. Inú ilé ni ó jókòó sí fún oṣù mélòó kan. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì jí, ni ó máa ń yọ́ lọ wo ilẹ̀ tí yóò kọ́lé sí. Ẹ wò ó bí ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń rìn bí ẹni tí ó jíṣu jí àgbàdo!

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún náà, a fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ láìsí ariwo kankan. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn. Àwọn ará ìlú rọ́ wá wo kòtò tí a gbẹ́, nígbà tí omi sì kún inú rẹ̀, inú omi náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lúwẹ̀ẹ́ sí, wọ́n sọ ìpìlẹ̀ ilé ọba di ibi eré. Ọ̀ràn náà kò parí sí eré. Napper Tandy, oníṣòwò kan tí ohùn rẹ̀ ń ròkè láàárín àwọn ará ìlú, tí ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà á lẹ́yìn náà, kó àwọn ènìyàn jọ pẹ̀lú ayùn àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n sì wó ọgbà tí a ṣe yí ilẹ̀ náà ká lulẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Gandon kì í lọ síbi iṣẹ́ láìmú ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí idà wà nínú rẹ̀ dání.

Bí ọ̀tá ti wà lókè ni ó wà nísàlẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ náà; odò ni ó ń bò ó nígbà kan rí. A kò tíì gbẹ́lẹ̀ jìnnà tí omi fi ń ru sókè. Bí a bá to òkúta lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá kan yóò rì ju èkejì lọ, ilé yóò sì là. Ohun tí Gandon ṣe ni pé ó to igi páìnì tí ó nípọn ní ìbú àti ní òró bí ẹní ọ̀pá, ó fi bíríkì dí àárín wọn, ó sì fi pákó igi óákù bò wọ́n lórí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri. Bí ilé bá ń rì díẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò jọ rì pọ̀ bí àwo tí a gbé lé orí tìmùtìmù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣe kàyéfì pé igi kò ha ní jẹrà bí? Igi tí omi bò pátápátá kì í tètè jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ògiri Gandon kò yẹ̀ títí di òní.

Ọdún mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1791 ni a ṣí ilé náà, lẹ́yìn tí ó ti gba nǹkan bí £200,000, èyíinì ni ọ̀kẹ́ mẹ́wàá pọ́n-ùn, owó tí ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu nígbà náà. Gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 375, ìbú rẹ̀ tó 205. Òkúta funfun tí a kó láti Portland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe iwájú rẹ̀ tí ó kọjú sí odò. Ní àárín òkè rẹ̀ ni òrùlé rìbìtì kan wà tí ó dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ère obìnrin kan sì dúró lórí rẹ̀, tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 16, tí a fi ṣe àpẹẹrẹ Òwò.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó dára jù nínú ilé náà kò sí lókè. Orí mẹ́rìnlá ni a gbẹ́ sí òkè àwọn ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé ìsàlẹ̀, láti ọwọ́ agbẹ́kùúta ọmọ Ireland kan tí ń jẹ́ Edward Smyth. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ Smyth kí iṣẹ́ yìí tó dé. Gandon ni ó rí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láìwẹ̀yìn. Mẹ́tàlá nínú àwọn orí náà dúró fún odò mẹ́tàlá ti ilẹ̀ Ireland, ìkẹrìnlá dúró fún òkun Àtìláńtíìkì. Ojú ọkùnrin ni gbogbo àwọn odò yòókù ní, àfi Liffey nìkan, tí ó jẹ́ obìnrin. Odò kọ̀ọ̀kan ni ó di ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú jáde mọ́ orí: ti òmíràn èso, ti òmíràn ẹja. Nígbà tí Ireland di òmìnira tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó tirẹ̀ ní ọdún 1928, àwọn orí wọ̀nyí ni a yà sí ẹ̀yìn owó bébà náà. Àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ Smyth ń ná iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ọjà lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ kọ́ ilé ńlá yìí kò pẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801, a so Ireland pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kan ṣoṣo ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1823, a so iṣẹ́ aṣọ́bodè àwọn méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú. Yàrá wá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì mìíràn ń wọ ibẹ̀: àwọn tí ń gba owó orí, àti ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò Ireland. Kí ó tó di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé tí ó jẹ́ ti ọjà ti di ti ìwé. Iwájú rẹ̀, ní etí odò, náà ni ọ̀pọ̀ ti wọ ọkọ̀ lọ sí ìdálẹ̀ nígbà ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1845. Ère àwọn tí ebi ti sọ di egungun, iṣẹ́ Rowan Gillespie, wà níbẹ̀ láti ọdún 1997 láti máa rántí wọn.

Ìwé tí ó kún inú ilé náà ni ó fà á tí a fi sun ún. Ní ọdún 1919 ni ogun òmìnira bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Ireland àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ìlúgọ ni: ẹni méjì níbí, ẹni mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nígbà tí Éamon de Valera, olórí àwọn ajàjàgbara, ti Amẹ́ríkà dé ní ìparí ọdún 1920, ó ní kí wọ́n ṣe ohun ńlá kan tí gbogbo ayé yóò gbọ́. Wọ́n wo ibùdó àwọn ọmọ ogun ọ̀tá, wọ́n rí i pé apá kò ká a. Wọ́n wá wo ilé aṣọ́bodè. Bí ìwé owó orí àti ìwé ìjọba ìbílẹ̀ bá jóná, báwo ni ìjọba yóò ṣe mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó?

Ní ọ̀sán ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1921, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wọ inú ilé náà pẹ̀lú agolo kẹrosíìnì, Tom Ennis ni olórí wọn. Wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da epo sórí ìwé láti yàrá dé yàrá. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn ti lọ gba ilé iṣẹ́ panápaná kí ọkọ̀ omi má baà jáde. Àmì tí wọ́n fi sí i ni pé nígbà tí gbogbo àjà bá ti ṣe tán, a ó fọn fèrè, kí gbogbo wọn jáde pọ̀. Ẹnìkan fọn fèrè náà kí ó tó yẹ. Àwọn ti àjà kan sọ̀ kalẹ̀ láìtíì parí iṣẹ́ wọn, a sì ní láti dá wọn padà sókè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni èyí gbà, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni ọkọ̀ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì fi dé.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tí ó wà nínú ilé kò ní ọta púpọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí iná ń lé wọn bọ̀ láti ẹ̀yìn tí ìbọn sì ń bẹ níwájú, wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn akọ̀wé, wọ́n ń jáde pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ṣùgbọ́n a dá gbogbo ènìyàn dúró, a sì ní kí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì máa tọ́ka sí òṣìṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọ̀gá kankan kò bá mọ̀, ẹ̀wọ̀n ni. Márùn-ún nínú àwọn ajàjàgbara ni ó kú, tẹ̀gbọ́n tàbúrò sì wà nínú wọn, àwọn ọmọ O'Reilly. Àwọn ará ìlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kú pẹ̀lú, títí kan ọkùnrin tí ń ṣe ìtọ́jú ilé náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni a mú. Odindi ọjọ́ márùn-ún ni ilé fi jó. Òrùlé rìbìtì wó sínú ilé, àwọn òkúta là nítorí ooru.

Ta ni ó ṣẹ́gun? Bí a bá ka ọmọ ogun, àwọn ajàjàgbara pàdánù, nítorí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn tí ó le jù ní Dublin ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ kó tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bí a bá ka ìwé, ìjọba ni ó pàdánù. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, oṣù kan àbọ̀ péré lẹ́yìn rẹ̀, a dá ìbọn dúró, kí ọdún náà sì tó parí, a ti fọwọ́ sí àdéhùn. Àwọn kan sọ pé iná yìí ni ó mú un yá. Èmi rò pé ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó jọ mú un yá, iná yìí sì jẹ́ ọ̀kan. Àwọn tí ó sun ilé náà kò fi pamọ́ pé ó dun àwọn láti ba irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní ẹ̀mí àwọn ènìyàn ilẹ̀ àwọn wúwo ju ilé kankan lọ. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé owó orí nìkan ni ó jóná. Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ sílẹ̀ nípa ilé aláìní, nípa àìsàn, nípa ìyà àti ìrànlọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé àkójọ ìwé ilẹ̀ náà tún jóná ní Four Courts, ilé mìíràn tí Gandon kọ́, ní oṣù kẹfà ọdún 1922, nínú ìjà tí àwọn ọmọ Ireland ń bá ara wọn jà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò lè tọ ipasẹ̀ baba ńlá wọn mọ́.

Ìjọba tuntun kò wó ilé náà dànù. Ní ọdún 1928, a ti tún un kọ́, òrùlé rìbìtì ti padà sí ipò rẹ̀. Òkúta Ireland, láti Ardbraccan, ni a fi kọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí dípò ti Portland, òkúta yìí sì ṣú ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá dúró ní òdìkejì odò lónìí yóò rí i kedere: ara ilé funfun, orí rẹ̀ sì dúdú díẹ̀. Ibi tí iná jó dé ni àwọ̀ ti yí padà.

Ìpalára tí ooru ṣe kò tán síbẹ̀. Irin ni àwọn ará àtijọ́ fi ń de òkúta mọ́ òkúta nínú ògiri. Omi gba ojú ibi tí ó là wọlé, irin dógùn-ún. Irin tí ó bá sì dógùn-ún a máa wú, a sì máa ti òkúta ya. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn iná náà, òkúta tí ń ya láti òkè wá di ewu. A tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A yọ irin, a pààrọ̀ òkúta, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1991, nígbà tí ilé náà pé igba ọdún gééré.

Èbúté ni kò dúró dè é. Ọkọ̀ ń tóbi sí i, wọ́n sì ń fẹ́ omi tí ó jìn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni ibi ìgúnlẹ̀ wọn ń sún lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀nà kan náà tí Beresford tọ̀. Ní ọdún 1891, a la afárá ọkọ̀ ojú irin kọjá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé náà, ó sì bo ojú rẹ̀ mọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti àárín ìlú. Ní ọdún 1978, a tún ṣe afárá mìíràn, Talbot Memorial, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níhà òkun, ọkọ̀ ńlá kò sì lè kọjá sí iwájú rẹ̀ mọ́. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti di ibi ìṣòwò owó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé gbígbé àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ó wà nínú ilé aṣọ́bodè nísinsìnyí. Àwọn orí mẹ́rìnlá ti Smyth ṣì wà lára ògiri. Liffey, obìnrin àárín wọn, ṣì wà lókè ẹnu ọ̀nà, ó kọjú sí odò tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.